Fìlà Aró Bàbá Òkè Baálẹ̀

Fìlà kan wà tí mo so mọ́ igun ìsọ̀ mi ní Ọjà Ọba, láàárín àwọn korobá àti abọ́ tánganran. Apá kan rẹ̀ funfun, apá kejì dúdú bí aró, àfi bí ẹni pé ẹni tó ń rẹ ẹ́ ṣàdédé rántí pé òun ní ọbẹ̀ lórí iná. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí oníbàárà kan kò ní bi mí pé, "Ìyá Oníkorobá, èló ni fìlà yẹn?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé orí tó ni ín ti kúrò lọ́jà. Bàbá àgbà mi ló ni ín, Bàbá Òkè Baálẹ̀. Wọ́n ti lọ bá Ọlọ́run wọn láìdé fìlà.

Nígbà tí a ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ wọn, Ààfáà dìde, ó ní onísùúrù ni Bàbá, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Mo wo Sídí àbúrò mi, Sídí wò mí, àwa méjèèjì fi gèlè bo ẹnu. Mo kọ́kọ́ rò pé Ààfáà ti ṣìlé ni, pé òkú àdúgbò mìíràn ló ń kì. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n bí mo bá fi Bàbá sílẹ̀ fún Ààfáà, àwọn ọmọ wa yóò rò pé òwú ni Ọlọ́run fi mọ wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ti ara aṣọ bẹ̀rẹ̀. Funfun nìkan ni Bàbá ń wọ̀. Ìyàwó wọn, ìyá àgbà wa tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aláró, sì ń rẹ aṣọ. Ìkòkò aró tò yí ẹ̀yìnkùlé ká, aṣọ tí wọ́n sá gba gbogbo ojú ọ̀nà, àwọn adìẹ ilé wa pàápàá ní aró lẹ́sẹ̀. Láàárín èyí ni Bàbá yóò ti máa rìn bí lékèélékèé, wọn á ká etí agbádá sókè, wọn á máa wo ilẹ̀ bí ẹni pé ejò wà níbẹ̀. Bí aró bá ta sí wọn lára bí orí abẹ́rẹ́, ìjà dé.

"Obìnrin yìí, o ti tún bà mí láṣọ jẹ́!"

"Olówó orí mi," Ìyá Aláró yóò dáhùn láìgbójú sókè, "aró tó ń bọ́ yín ló ta sí yín lára yẹn."

Mo bi Bàbá léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí wọ́n fẹ́ aláró, tí wọn ò wá fẹ́ràn aró. Wọ́n tún fìlà ṣe, wọ́n ní, "Ràfátù, bí gbogbo ilé bá ti dúdú, ẹnì kan gbọ́dọ̀ funfun, kí àlejò lè rí ẹni tí yóò kí."

Ìwà wọn kan tún wà tí gbogbo Òkè Baálẹ̀ mọ̀. Bí ládánì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun, ibi tí ìpè bá ti bá Bàbá ni wọ́n ń dúró sí. Kì í ṣe pé wọn yóò rọra parí ohun tí wọ́n ń ṣe. Rárá o. Bí òkèlè bá ń lọ sẹ́nu, yóò dúró lójú ọ̀nà, ọbẹ̀ á máa kán tó, tó, tó. Bí ẹsẹ̀ kan bá wà lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò wà títí ládánì yóò fi pè tán. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń bá télọ̀ kan jà nítorí ọrùn agbádá. Wọ́n na ìka sí i lójú, wọ́n ní, "Ìwọ télọ̀ yìí, ìwọ ọmọ..." Ìpè dé. Bàbá dákẹ́ gbáà, ìka sì wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà ò mọ̀ bóyá kó sá ni tàbí kó dúró gba ìyókù èébú rẹ̀. Ó dúró. Nígbà tí ládánì pè tán, Bàbá mí kanlẹ̀, wọ́n parí rẹ̀: "...ọmọ tí abẹ́rẹ́ ń rán, tí kò rán abẹ́rẹ́!" Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì jọ lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Ìyá Aláró ní bí Bàbá bá ń ṣe báyìí, ọjọ́ kan ni wọn yóò dúró sáàárín títì tí mọ́tò yóò gbá wọn. Bàbá ní, "Ẹni tó ń pè mí ló ni ọwọ́ tí mo gbé sókè."

Iṣẹ́ wọn ńkọ́? Kòkó ni wọ́n ń rà. Wọn a máa wọ lọ́rì lọ sí àwọn abúlé Ìjẹ̀ṣà, wọn a so ìwọ̀n mọ́ ẹ̀ka igi, wọn a máa gbé àpò kọ́ ọ. Ìwọ̀n náà wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀. Kò sí ohun tí wọn kì í wọ̀n. Bí wọ́n bá bímọ, àwọn ẹlòmíràn á ní ọmọ náà jọ bàbá rẹ̀, Bàbá á gbé e sókè gbé e sílẹ̀, wọn á ní ó wúwo ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá, wọn á gbọ́ ọ, wọn á di ojú díẹ̀, wọn á ní, "Eléyìí ò tẹ̀wọ̀n. Ẹ má dì í lápò."

Lẹ́nu òwò kòkó yẹn ni ọmọ wọn, bàbá tó bí èmi àti Sídí, ti rí ìyá wa, ọmọ Iléṣà, ọmọ oníṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá wa ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gíga ní sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Tíṣà àti Bàbá fẹ́ràn ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í lè jókòó pọ̀ kí wọ́n má jà.

"Àna mi," Bàbá á ní, "ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, bí ẹ bá dé ọ̀run, iyán lẹ máa kọ́kọ́ bèèrè."

Tíṣà á ní, "Bí wọn ò bá ní iyán níbẹ̀, Bàbá, ọ̀run kọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà kejì."

Nígbà tí bàbá wa kú, èmi ti ń bá ìyá wa jókòó sídìí ọjà, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Sídí ni tirẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ tí a bá rán níṣẹ́ iyọ̀, tí yóò bèèrè ìdí tí iyọ̀ fi ń yọ́ lómi! Tíṣà mú un lọ sí Iléṣà láti lọ kàwé lọ́dọ̀ wọn. Àbúrò bàbá wa, Súlè, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, ló ń san owó ilé ìwé. Wọ́n ń san án dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń rántí rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì ń ràn wá lọ́wọ́ kí àwa náà lè máa rántí.

Àwọn ọdún yẹn ni rédíò ń pariwo pé àwọn òyìnbó ti fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Bàbá Kékeré ní irọ́ ni. Bàbá ò ní irọ́ ni, wọn ò sì ní òótọ́ ni. Ohun tó ká wọn lára ni pé àwọn òyìnbó lọ, wọ́n bọ̀, kò sì sí ẹni tó sọ ohun tó gbé òṣùpá dúró. "Wọ́n dé ilé onílé," Bàbá ní, "wọn ò wo òpó."

Ẹ wá gbọ́ ti ọjọ́ fìlà. Ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ìsinmi ilé ìwé sì ti parí. Tíṣà ti wá láti mú Sídí padà sí Iléṣà lọ́jọ́ kejì. A jókòó sẹ́yìnkùlé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Bàbá wọ agbádá funfun, wọ́n dé fìlà funfun tuntun tí wọ́n rà sílẹ̀ de ààwẹ̀. Bàbá Kékeré ní kí oṣù tètè yọ o, kí ìlú má wá pín sí méjì bí ti ọdún tó kọjá. Sídí ń bó ẹ̀gúsí. Kò gbójú sókè, ó ní, "Oṣù ò lọ síbì kankan. Ó ṣáà ń já bọ̀ lójoojúmọ́ ni."



"Kí lo wí?" Bàbá Kékeré bi í.

"Òṣùpá ni, Bàbá Kékeré. Ó ń já bọ̀. Ohun tó ń jẹ́ kó máa yí wa ká náà nìyẹn."

Háà! Bàbá Kékeré fò dìde. "Ẹ gbọ́ o! Òṣùpá tí à ń wò gba ààwẹ̀, òun ni ọmọ yìí ní ó ń já bọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n! Ohun tí mò ń sanwó fún ní Iléṣà nìyí? Ó parí. Kò lọ mọ́. Télọ̀ obìnrin kan wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀hún, ibẹ̀ ni yóò ti máa kọ́ṣẹ́ láti ọ̀la."

Ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ Sídí.  Tíṣà ṣí ẹnu, ṣùgbọ́n ilé ìyá ọmọ kọ́ nìbẹ̀, ilé bàbá ọmọ ni. Gbogbo wa yíjú sí Bàbá.

Bàbá di ojú díẹ̀. "Ẹ̀sùn yìí tẹ̀wọ̀n," wọ́n ní. "Ẹ jẹ́ ká gbé e kọ́. Sídí, bí ó bá ń já, kí ló dé tí kò já lé wa lórí? Bí nǹkan bá dì í mú, báwo ni agbára nǹkan náà ṣe tó? Wọ̀n ọ́n fún mi. Bí o bá rí i wọ̀n, o ń padà sí Iléṣà. Bí o kò bá rí i wọ̀n, kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ máa bá ọ kí wọn ní Iléṣà, télọ̀ ń dúró dè ọ́."

Sídí dìde. Ó ní òṣùpá ti tóbi jù fún ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi nǹkan kékeré ṣe é, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń rán sókè láti máa yí ilé ayé ká. Ó mú èédú, ó dojú kọ ògiri.

"Ká ní ó wúwo tó ọgọ́rùn-ún kílò, Bàbá."

"Ta ló ń jẹ́ kílò?"

"Àpò sìmẹ́ǹtì méjì," Tíṣà ní.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Sọ̀rọ̀ lọ."

"Eré rẹ̀ tó kílómítà mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan."

"Ìyẹn ńkọ́?"

Tíṣà ronú. "Bàbá, bí ó bá gbéra ní Ọjà Ọba níbí, kí ẹ tó ṣe bìsìmílà tán, ó ti ń wọ Iléṣà."

Bàbá rántí lọ́rì kòkó wọn tó máa ń sùn sójú ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ta ni dírẹ́bà rẹ̀?"

Sídí ń kọ ọ́ lọ. Ó ní ká mú ìwúwo nǹkan náà, ká fi eré rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ká tún fi eré kan náà sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ká wá fi bó ṣe jìnnà sí àárín gbùngbùn ilé ayé pín in. Jíjìn ọ̀hún jẹ́ kílómítà ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ó lé irínwó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ di mítà kí wọ́n lè bára mu, ni òdo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tò lára ògiri bí eèrà tó rí ṣúgà. Ìyá Aláró wò wọ́n títí, wọ́n ní, "Òfo nìyí, òfo nìyẹn. Ṣé òfo ni ẹ ń wọ̀n ni?" Sídí ń pa òdo òkè, ó ń pa ti ìsàlẹ̀. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta òkè pa mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ìsàlẹ̀. Ó ku ẹgbẹ̀rún kan.

"Ẹgbẹ̀rún níútìn," Sídí ní. Ó ń làágùn. "Bí àwọn oníwèé ṣe ń wọn agbára nìyẹn. Ilẹ̀ ló ń fà á, Bàbá. Òòfà là ń pè é."

"Ìyẹn ni pé bí mo bá gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì kọ́ ìwọ̀n mi níbí..."

"Bákan náà ni ilẹ̀ ṣe ń fa ìyẹn, torí mo fi tèmi sí ìsàlẹ̀ gan-an, bí ẹni pé ó ń fò kọjá lórí òrùlé wa. Bó bá jìnnà sókè, agbára náà á dín kù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe okùn, kì í ṣe òpó. Bí ilẹ̀ ṣe ń fà á náà ló dì í mú. Ó ń já, ṣùgbọ́n ó ń sáré síwájú tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ fi ń yẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, torí ayé rí róbótó."

Inú Bàbá dùn. Mo rí i lójú wọn. Ohun tó gun òkè tó bẹ́ẹ̀, tó ń sá eré tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì jalè lórí ìwọ̀n! Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Ohun tó ń já tí kò balẹ̀! Ta ló rí irú rẹ̀ rí?" Bàbá náà mi orí. "Ó dùn ún gbọ́, Sídí. Ṣùgbọ́n kòkó tí ọwọ́ mi ò bà, èmi kì í rà á."

Tíṣà fò dìde. "Ẹ wá korobá kan."

Gbogbo ojú yí sí mi, bí ẹni pé igi korobá ni mo gbìn. Mo mú tuntun kan jáde nínú ọjà mi, mo ń kùn. Mo fẹ́ bu omi kànga sí i, Ìyá Aláró pariwo. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi kànga ò sí fún eré. Wọ́n bu omi aró tó ti kú sí i dé ìdajì, èyí tí wọ́n ti rẹ aṣọ nínú rẹ̀ tán. Tíṣà na ọwọ́, Bàbá ní rárá.

"Àna mi, apá ẹlòmíràn kì í sọ fún ni bí ẹrù ṣe wúwo."

Wọ́n ká agbádá lé èjìká. Wọ́n di irin korobá mú.

"Bàbá," Sídí ní, "ọwọ́ yín ló dúró fún òòfà. Ẹ jù ú yípo, òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹ ṣáà má dúró."

Bàbá fì í síwájú, wọ́n fì í sẹ́yìn, ó di gìrì, korobá gba òkè orí wọn kọjá, ẹnu rẹ̀ dojú dé ilẹ̀. Aró ò kán. Ó tún yí. Kò kán. Bàbá bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ó ń fà mí! Ràfátù, ó ń fà mí lápá! Ó wúwo ju bí mo ṣe gbé e lọ! Súlè, wò ó, ó kọ̀, kò dà!" Bàbá Kékeré ti sún mọ́ wọn, ẹnu wọn là sílẹ̀. Korobá ń yí, aró ń dúró sínú rẹ̀ bí onílé.

Ládánì pe ìrun àlàásárì.

Ẹ mọ̀ wọ́n. Ibi tí ìpè bá wọn ni wọ́n dúró sí. Ọwọ́ wọn sì wà lókè.

Gbogbo aró korobá yẹn ló dà. Ó wẹ fìlà, ó wẹ irùngbọ̀n, ó gba àyà agbádá funfun sọ̀kalẹ̀ dé bàtà. Bàbá ò mira. Korobá dojú dé lókè orí wọn, aró ń kán, ládánì ń fa ohùn lọ, kò sì sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín nítorí ìpè ò tíì tán. Mo gé ètè mi jẹ. Tíṣà, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, dúró gbọnin bíi wa. Nígbà tí ìpè tán, Ìyá Aláró ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ṣeun. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni mo ti fẹ́ rẹ aṣọ yìí."

Ilé dàrú. Ẹ̀rín pa wá. Ṣùgbọ́n Sídí ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ojú Bàbá, torí ọjọ́ iwájú rẹ̀ ló wà nínú ojú tí aró bò yẹn.

Bàbá fi korobá mi sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Súlè."

"Bàbá."

"Nígbà tí mo ń yí i, ṣé ó dà?"

"Kò dà."

"Nígbà tí mo dá a dúró ńkọ́?"

Bàbá Kékeré wo aró tó ń ṣàn lọ sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. "Ó dà, Bàbá."

"Lé ta ni lórí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ọmọ yìí ti ń sáré," Bàbá ní. "Ẹni tó bá dá a dúró, orí ẹni náà ni yóò dà lé. Ọ̀la ló ń padà. Ẹ bu omi fún mi, kí n ṣe àlùwàlá."

Ìyá Aláró bu omi kànga fún wọn láìkùn. Aró ò ṣí tán. Bí Bàbá ṣe lọ kírun pẹ̀lú iwájú orí aró nìyẹn, mo sì gbọ́ pé àwọn tó tò sí sààfù ẹ̀yìn wọn ò gbádùn ìrun náà rárá.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá fúnra wọn ló bá Sídí àti Tíṣà wọ ọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Fìlà yẹn ni wọ́n dé. Ìyá Aláró ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rẹ ẹ́ tán kó lè dọ́gba, Bàbá kọ̀. Bàbá Kékeré gbé àpótí Sídí dé ibùdókọ̀, wọ́n san owó ilé ìwé, lọ́tẹ̀ yìí wọn ò rán wa létí. Sídí sọ fún mi pé dírẹ́bà wo Bàbá títí, ó ní, "Bàbá, kí ló ṣe fìlà yín?" Bàbá tún un ṣe dáadáa lórí, wọ́n ní, "Òṣùpá ló dà sí mi lórí."

Sídí ti di tíṣà báyìí, ní Iléṣà náà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin bí wọ́n ṣe ń ṣírò agbára tó ń fa ohun tó bá ń yípo, ó sì máa ń wá gba korobá lọ́dọ̀ mi láìsanwó. Omi lásán ló ń bù sí i. Mo sọ fún un pé àwọn ọmọ náà ò tíì mọ nǹkan kan.

Ìdájí ni Bàbá lọ. Ìyá Aláró ló rí wọn lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, bútà àlùwàlá lọ́wọ́, orí tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń fetí sílẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà la sin wọ́n sẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìkòkò aró. Àwa obìnrin ń wò láti ojú fèrèsé. Àwọn ọkùnrin ń da yẹ̀pẹ̀, Bàbá Kékeré ló wà níwájú, omijé ń ṣàn lójú wọn. Wọ́n gbé ṣọ́bìrì kan sókè báyìí, ládánì pe ìrun àlàásárì.

Bàbá Kékeré, tí kì í ṣe irú rẹ̀ rí, dúró gbáà. Ṣọ́bìrì wà lókè. Yẹ̀pẹ̀ tú, ó dà lé fìlà wọn, ó gba ọrùn wọ inú ẹ̀wù. Wọn ò mira.

Sídí di apá mi mú. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ó dúró, ó dà."

Ẹ̀rín àti ẹkún mú wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó ilé kan yíjú padà, ó bu ẹnu àtẹ́ lù wá pé ṣé nídìí òkú Bàbá ni a ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Aláró gbé ọwọ́ aró wọn lé èjìká wa méjèèjì, wọ́n ń wo ibojì.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," wọ́n ní. "Olówó orí mi ò lọ síbì kankan. Wọ́n gbọ́ ìpè ni, wọ́n dúró."